Orúkọ Ẹni Tó Ṣe Ikú

Fóòmù kì í wúwo, ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé tìmùtìmù rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kùmọ̀ tí Ọláìtán fi fóòmù ṣe fún eré Ọdún Àjíǹde, tó lẹ bébà sìmẹ́ńtì mọ́ lára, tó sì kùn ní dúdú, ńṣe ló ń wúwo sí i lójoojúmọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ eré, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń gbé e. Ó ní gọ́ọ̀mù ló pọ̀ jù. Kò kúkú sí ẹni tó ń bá a gbélé tó máa já a nírọ́.

Àga ìjókòó ni Ọláìtán ń ṣe ní Òkòkòmáìkò, yàrá kan pẹ̀lú kíṣìnnì ló sì ń dá gbé nítòsí Ìbà Estate láti ìgbà tí Bímpé ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Láti ìgbà náà ló ti ń ṣe Ikú nínú eré ìjọ. Àwọn yòókù ń sá fún un. Òun fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ọjọ́ yẹn nìkan láàárín ọdún ni gbogbo ojú máa ń wà lára rẹ̀.

Òfin kan rọ̀ mọ́ aṣọ àti ìbòjú Ikú. Bàbá Ọ̀ṣunbíyìí tó dá ẹgbẹ́ eré sílẹ̀ ló ṣe é: ẹni tó bá ṣe Ikú kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ìbòjú. Wọ́n á pe orúkọ rẹ̀ gan-an lẹ́ẹ̀mẹta lójú gbogbo ìjọ, á dáhùn, kí wọ́n tó tú okùn ìbòjú lọ́rùn rẹ̀. Kò sì gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ náà fún ẹni tó máa pè é. Bí oòrùn bá wọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n pè é, Ikú á bá a délé. Kò sí ọmọ ìjọ tí Bàbá Ọ̀ṣunbíyìí kò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá ti papò dà lóṣù tó kọjá.

Lọ́dún yìí, bí eré ṣe ń parí lọ́sàn-án ni òjò ṣú. Gbénga, ọ̀dọ́mọkùnrin tó gba ipò bàbá, ní kí wọ́n tètè kó ẹrù. Ọláìtán dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó ń retí ìpè. Ó gbọ́ ẹ̀rín wọn, ó gbọ́ ìró ilẹ̀kùn. Ìgbà tó yọjú, àga lásán ló kù. Kí n má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, ó dùn ún wọra.

Ó pe Gbénga lórí fóònù.

"Gbénga, ẹ ò pè mí."

"Yéè! Daddy, ẹ má bínú, òjò yẹn ni. Ẹ jẹ́ n pè yín báyìí." Gbénga tún ní: "Daddy, kí lorúkọ yín gan-an? 'Daddy Foam' ni mo fi séèfù nọ́mbà yín."

Ọláìtán kò lè sọ ọ́.

"Daddy, ẹ kàn bọ́ ọ jàre, eré lásán ni. Mo ti wà nínú bọ́ọ̀sì."

Ó gbìyànjú rẹ̀. Okùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ so kò tú, ó fà á títí èékánná rẹ̀ fi ya. Bó ṣe ń kọjá ní Ìyànà Ìbà lọ sílé pẹ̀lú ìbòjú lójú, àwọn èèyàn ń yà fún un. "Bàbá, abeg, no look my side o!" ni ẹnìkan ń kígbe, tó ń rẹ́rìn-ín.

Sìdíkàt, obìnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, ń ká aṣọ lórí okùn.

"Bàbá onífóòmù, ẹ̀yin rèé?"

"Èmi ni. Sìdíkàt, jọ̀ọ́, pe orúkọ mi fún mi."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó la ẹnu, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kan pè. "Ọdún mẹ́rin rèé... Ẹ má bínú, sà. Bàbá onífóòmù ni gbogbo wa ń pè yín." Ojú tì í. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, aṣọ àyà yín ò mira bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀."

Ọláìtán wọlé, ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ta ló mọ orúkọ òun? Bímpé nìkan ló máa ń pe orúkọ rẹ̀ nínú ilé. Ó ní àwọn ò bímọ tí òun á fi máa pè é ní bàbá ẹnikẹ́ni. Oòrùn ti ń wọ̀.

"Ọláìtán."

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì ni ohùn náà ti wá. Ohùn Bímpé ni, bó ṣe máa ń pè é tí oúnjẹ bá jinná. Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọn kò kìlọ̀ fún pé kó má dáhùn ìpè ẹni tí kò rí. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ọláìtán."

Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti sú u láti máa jẹ́ onífóòmù.

"Ọláìtán, ṣé o ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́ o, Bímpé. Mo wà níbí."

Ara rẹ̀ fúyẹ́ lójijì. Ó dìde, inú rẹ̀ ń dùn, ó forí lé ilẹ̀kùn kíṣìnnì. Àfi bí Sìdíkàt ṣe já wọlé láti iwájú, tó ń mí hẹlẹ, tó mú ìwé kan lọ́wọ́.

"Bàbá Ọláìtán! Mo ti rí i! Mo sáré lọ bá lańlọ́ọ̀dù, ó wà nínú ìwé ilé! Bàbá Ọláìtán! Bàbá Ọláìtán!"

"Mo wà níbí, Sìdíkàt," ni ó wí, iwájú rẹ̀ gan-an ló sì dúró sí.

Sìdíkàt kò wò ó. Ó kọjá lára rẹ̀ lọ síbi bẹ́ẹ̀dì, níbi tí ẹnìkan tó wọ aṣọ dúdú jókòó sí, tó dorí kodò, tí okùn ìbòjú ṣì so pinpin mọ́ ọn lọ́rùn. Ó gbé ọwọ́ ẹni náà sókè. Ọwọ́ náà já bọ́.

"Bàbá Ọláìtán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn," ni Sìdíkàt ń sọ, tó ń sunkún.

Ọláìtán dáhùn. Ó tún dáhùn.