Àwọn Tó Jókòó sí Yàrá Òfìfo

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. N kò fi iyọ̀ sí i, n kò fi ata sí i. Obìnrin tó ni yàrá tó ti ṣẹlẹ̀ ṣì wà láyé, kò sì tíì sẹ́ ẹ.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé-ìwé girama nígbà náà. Ọwọ́ mi dá múṣémúṣé nídìí yíya àwòrán ilé, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò bá ọwọ́ mi ṣe. Ilé-iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ilé kan ń gba ọmọ iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ dúró níwájú àgbà márùn-ún, kí ó ṣàlàyé àwòrán rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ń gbani láàyè láti gbìyànjú. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo dúró, mo wo bàtà wọn, mo sì jáde láìsọ nǹkan kan. Ó wá ku ẹ̀ẹ̀kan.

"Adákẹ́," ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wí. Orúkọ tí wọ́n ń pè mí nílé nìyẹn. Aránṣọ ni òun. "Tí o bá tún lọ yadi níwájú wọn, ẹ̀rọ ìránṣọ mi lo máa máa tẹ̀ títí wàá fi hewú."

Òun ló mú mi lọ sọ́dọ̀ olùtọ́jú kan, àgbà obìnrin tó ń wo àwọn tí ẹ̀rù àwùjọ ń bà. Yàrá rẹ̀ kéré. Tábìlì kan, kọ̀ǹpútà kan, fáànù tó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́. Ó gbé awò ojú ńlá kan tó so mọ́ kọ̀ǹpútà náà wọ̀ mí, ó bo ojú mi pátá. Òkùnkùn. Lẹ́yìn náà, gbọ̀ngàn kan là níwájú mi, pẹ̀lú àga méjìlá.

"Inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀," ló wí létí mi. "Díẹ̀díẹ̀ la máa ṣe é. Tí mo bá bi ọ́, sọ iye tí ẹ̀rù rẹ jẹ́ nínú mẹ́wàá. Tí kò bá tíì wálẹ̀ dé mẹ́ta, a ò ní kúrò lójú kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ènìyàn méje ló jókòó. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ mira. Obìnrin kan wà níwájú tó wọ búláòsì aláwọ̀ ewé. Bọ́tìnnì kan ti já lára rẹ̀, òwú rẹ̀ ṣì yọ síta. Ọkùnrin kan ń fi àtàǹpàkò kan ra èkejì. Mo ní lọ́kàn mi pé àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí mà gbọ́n o. Ta ló ń rántí òwú bọ́tìnnì?

"Mélòó?"

"Mẹ́sàn-án, mà."

"Mẹ́sàn-án kẹ̀?" Ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Kò burú. Máa sọ̀rọ̀."

Mo sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin, ó tán. Nígbà tí mo padà lọ, mo sọ gbólóhùn mẹ́wàá. Nígbà kẹta, mo dé orí àtẹ̀gùn inú àwòrán mi. Àwọn méje ń gbọ́. N kò tíì rí ẹni tó ń gbọ́ ènìyàn bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà kẹrin, ó ku ọ̀la tí mo máa lọ bá àwọn àgbà márùn-ún.

"Mélòó?"

"Mẹ́ta, mà."

Olùtọ́jú pàtẹ́wọ́. "Ẹ wo ọkùnrin! Ó wá tó àkókò tí mo lè fi ènìyàn síbẹ̀."

"Yàtọ̀ sí àwọn méje yìí, mà?"

Ìró ìka rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà dáwọ́ dúró.

"Àwọn méje wo?"

"Àwọn tó jókòó."

"Ọmọ mi, yàrá òfìfo la fi ń bẹ̀rẹ̀. Àga nìkan ni mo gbé síbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ó kàn ń yà mí lẹ́nu pé àga ń bà ọ́ lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀ ni."

Ó bọ́ awò náà lójú mi, ó gbé e wọ̀ fúnra rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Kò sí ẹnì kankan," ló wí. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Mo tún gbé e wọ̀. Àwọn méje wà níbẹ̀.

Ó tẹ nǹkan kan. Àwọn ènìyàn méjìlá tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dá wọn mọ̀ yàtọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ojú wọn ń dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, gbogbo wọn sì jọ ń ṣẹ́jú pọ̀. Àga kò tó. Àwọn méje dìde, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n lọ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ká ọwọ́ síwájú.

"Wọ́n ti dìde, mà."

"Jẹ́ ká pa ẹ̀rọ yìí." Mo gbọ́ bí ó ṣe ń mí. "N ò mọ ohun tá a ń ṣe yìí."

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé tí mo bá bọ́ awò yẹn pẹ̀lú ìpayà, ẹnu mi á tún tì pa.

"Ẹ má pa á, mà. Ọ̀la ni."

Mo sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn méjìlá ń ṣẹ́jú. Àwọn méje ń gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo wo ojú àwọn àgbà márùn-ún náà. Èyí tó pá lórí bi mí pé kí ló dé tí fèrèsé ilé ìdáná mi kéré. Mo ní kí òórùn ọbẹ̀ má baà pe àlejò ni, sà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbà mí. Nígbà tí mo délé, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n jẹ́ kí etí òun sinmi.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ olùtọ́jú. Ó ti fi aṣọ bo ẹ̀rọ náà.

"Mo fẹ́ pa yàrá inú ẹ̀rọ yẹn rẹ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n mo ní kí n kọ́kọ́ bi ọ́."

"Ẹ jẹ́ kí n tún gbé awò náà wọ̀ lẹ́ẹ̀kan, mà."

Àwọn méje wà lórí àga wọn. Mo kí wọn. Mo dúpẹ́. Ìgbà yẹn ni mo wá rí ohun tí ẹ̀rù kò jẹ́ kí n rí tẹ́lẹ̀. Òógùn wà lọ́rùn ọkùnrin tó ń ra àtàǹpàkò yẹn. Gbogbo wọn ló tẹjú mọ́ ilẹ̀, bí èmi náà ṣe wo bàtà àwọn àgbà nígbà àkọ́kọ́.

Obìnrin tó wọ búláòsì aláwọ̀ ewé dìde. Ó rọra rìn wá síwájú, ó dúró síbi tí èmi máa ń dúró sí. Mo fi ẹ̀yìn rìn, mo fọwọ́ wá àga olùtọ́jú, mo jókòó. N kò gbọ́ fáànù mọ́. Obìnrin náà la ẹnu, ó pa á dé. Ó tún là á.

"Kí ni wọ́n ń ṣe?" olùtọ́jú sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ díẹ̀, mà," ni mo wí. "Ó fẹ́ sọ̀rọ̀."