Bẹ́rì Tí Ìyá Fọ̀ọ́kómọ́ Ń Fọ̀

Àwọn aládùúgbò máa ń fi Ìyá Fọ̀ọ́kómọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó máa ń fọ ọṣẹ kó tó fi ọṣẹ fọ aṣọ. Kì í bínú sí i. Lójú tirẹ̀, oríyìn ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, oòrùn kò tíì yọ dáadáa tó fi jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, bàsíà omi méjì níwájú rẹ̀. Bẹ́rì tí òun àti ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ já láti oko wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èso pupa kéékèèké tó rọ̀, tí ewé dé lórí bíi fìlà. Ó ń rì wọ́n sínú omi, ó ń rọra fi ọwọ́ pa wọ́n lára, ó ń tẹ́ wọn sórí aṣọ funfun, ó sì ń nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọkọ rẹ̀ yọjú láti ilé ìdáná. "Ṣé o ò ní jẹ́ kí èso yìí sinmi ni? Òjò ti fọ̀ wọ́n lánàá."

"Òjò ò mọ bí wọ́n ṣe ń fọ nǹkan. Èso yìí ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ bá àwọn tí ò mọ̀ wá rí. Ṣé ìdọ̀tí wa ni kí wọ́n kọ́kọ́ bá pàdé?"

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó padà wọlé. Òun ló lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ṣe fún àwọn àgbẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀. Ó gba ìwé ìlànà bọ̀, ó ní wọ́n ní ìmọ́tótó ló ṣe pàtàkì jù, ó sì ti ìwé náà bọ abẹ́ rédíò. Ibẹ̀ ló wà láti ọjọ́ náà.

Ìdílé mẹ́fà ló wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Kálukú a já èso tirẹ̀, a tò ó sínú ike pẹlẹbẹ, a sì gbé e wá sí ilé ìdìpọ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kó ike sínú páálí, tí páálí ń wọ yàrá tútù, tí ọkọ̀ ẹlẹ́rù sì ń wá kó o lọ sí pápákọ̀ òfurufú ní ọjọ́ Ẹtì. Orúkọ ẹgbẹ́ nìkan ló ń wà lára páálí. Wọ́n ní ọ̀kan náà làwọn, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa kọ tèmi-tèmi sára nǹkan.

Nígbà tí Ìyá Fọ̀ọ́kómọ́ dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Ajé yẹn, ó bá gbogbo wọn lórí ìdúró. Fóònù alága ń ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Fọ́tò ike bẹ́rì kan ló wà nínú rẹ̀. Àwọn èso náà ti bu, irun funfun ti bò wọ́n bí òwú.

"Ẹ̀ẹ̀kejì rèé," alága sọ. "Àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ wa ti kọ̀wé. Wọ́n ní bó bá tún di ẹ̀ẹ̀kẹta, kí kálukú máa jẹ bẹ́rì rẹ̀ nílé."

Ojú gbogbo èèyàn lọ sọ́dọ̀ Bàbá Jẹ́jẹ́. Òun ló wọ ẹgbẹ́ kẹ́yìn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló ń dá oko rẹ̀ ṣe, ìṣe rẹ̀ kò sì yá. Ó ti hú gbogbo ohun tó gbìn tẹ́lẹ̀ nítorí bẹ́rì yìí. Bí ẹgbẹ́ bá lé e, kò ní ohun mìíràn lórí ilẹ̀.

Àwọn yòókù ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ìyá Fọ̀ọ́kómọ́ ló la ẹnu.

"Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, bó tilẹ̀ korò. Bàbá, mo ti wo ọwọ́ yín. Erùpẹ̀ máa ń wà lábẹ́ èékánná yín. Èso tí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ bá já, báwo ni kò ṣe ní bàjẹ́ lọ́nà?"

Bàbá Jẹ́jẹ́ gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó wò ó bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. "Mo gbọ́, Ìyá," ó ní. "Màá tún un ṣe."

Alága ní kí wọ́n pàdé ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí ọkọ̀ tó dé, kí wọ́n fẹnu kò sí i bóyá Bàbá Jẹ́jẹ́ á ṣì wà nínú ẹgbẹ́. Ìyá Fọ̀ọ́kómọ́ lọ sílé pẹ̀lú ìrọ̀rùn ọkàn. Ó ti sọ ohun tí àwọn tó kù ń bẹ̀rù láti sọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, obìnrin kan dé láti ọ́fíìsì àwọn tó ń yẹ èso wò kó tó lọ sókè òkun. Ọ̀dọ́ ni, ó wọ bàtà rọ́bà, ó fi okùn so bírò kọ́ ọrùn. Àǹtí Ayẹ̀wò ni wọ́n ń pè é. Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé, "Báwo ni mo ṣe máa mọ ẹni tó ni ike yìí?"

"Ọ̀kan náà ni wá," alága dá a lóhùn.

"Mo mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n bí orí bá ń fọ́ ẹnìkan nínú ilé, gbogbo ilé kọ́ lẹ ń fún lóògùn."

Ó fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà kan tí wọn yóò máa lẹ̀ mọ́ ike àti páálí wọn. B kan Ìyá Fọ̀ọ́kómọ́, F kan Bàbá Jẹ́jẹ́. Àwọn kan kùn pé ìpínyà ló gbé wá. Àǹtí Ayẹ̀wò ń ṣí ike wò, ó ń yí èso padà. Nígbà tó kan ti Ìyá Fọ̀ọ́kómọ́, ó fi èékánná gbé ewé orí bẹ́rì kan sókè. Omi kán sí i lọ́wọ́. Ó dé ike náà padà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ló dá wá sí ẹ̀yìnkùlé Ìyá Fọ̀ọ́kómọ́. Ó rí bàsíà méjèèjì, ó rí àwọn aṣọ funfun lórí okùn.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń fọ àwọn bẹ́rì náà?"

"Èmi ni, ọmọ mi. Lójoojúmọ́ ni." Ó ti ń retí oríyìn.

Àǹtí Ayẹ̀wò lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ má bínú sí mi, mà. Fífọ̀ yẹn ló ń bà á jẹ́."

Ìyá Fọ̀ọ́kómọ́ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mẹ́rin ni mo fọ̀ dàgbà. Kò sí èyí tí omi bàjẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ṣùgbọ́n ẹ ò dé wọn mọ́nú páálí." Ó mú bẹ́rì kan. "Ẹ wo bí awọ rẹ̀ ṣe fẹ́lẹ́ tó. Bí ẹ bá fi aṣọ nù ún, ó ń bó, bí ojú ò tilẹ̀ rí i. Omi sì ń sá pamọ́ sábẹ́ ewé orí rẹ̀. Nínú páálí tí wọ́n dé, ọ̀rinrin yẹn ló ń mú un bu. Bí èso kan ṣoṣo bá sì ti ní àrùn, bàsíà kan náà lẹ fi pín in fún gbogbo wọn."

"Ẹni tó máa jẹ ẹ́ wá ńkọ́? Ṣé kó kàn jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ó ní omi nílé rẹ̀, mà. Òun ló máa fọ̀ ọ́ nígbà tó bá fẹ́ jẹ ẹ́. Ọwọ́ ni kí ẹ̀yin fọ̀, kẹ́ ẹ tó fi kan èso."

Ìyá Fọ̀ọ́kómọ́ kò gbà. Àǹtí Ayẹ̀wò kò bá a jiyàn. Ó ní kó fi ike èso tó fọ̀ kan àti ike èso tí kò fọ̀ kan sínú fíríìjì rẹ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì, kó sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ sọ fún un.

"Àwọn tó bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ kò ní àmì lára," ó fi kún un, "mi ò sì ní dárúkọ yín. Màá yọ àwọn tẹ́ ẹ ti fọ̀ kúrò nínú ẹrù ọ̀sẹ̀ yìí, èmi á sì sọ fún alága pé kí wọ́n má yára lé ẹnikẹ́ni. Ìyókù dọwọ́ yín, mà."

Títí ọ̀sẹ̀ náà fi ń lọ, Ìyá Fọ̀ọ́kómọ́ kò fọ bẹ́rì kankan. Kò sì sọ ìdí fún ẹnikẹ́ni. Ó ń ṣí fíríìjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, débi pé ọkọ rẹ̀ bi í bóyá ẹnìkan ló fi pa mọ́ síbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, èso tí kò fọ̀ ṣì le, ó ṣì ń tàn. Èyí tó fọ̀ ti rọ̀, irun funfun sì ti hù lára mẹ́ta nínú wọn.

Ó jókòó sílẹ̀ ní ilé ìdáná. Ojú tì í, ó tì í gan-an. Ohun tó ń rí kì í ṣe èso, ọwọ́ Bàbá Jẹ́jẹ́ tó gbé sókè níwájú gbogbo èèyàn ni.

Nígbà tó ròyìn rẹ̀ tán fún ọkọ rẹ̀, ìyẹn gbé rédíò, ó yọ ìwé ìlànà jáde, ó sì fi ìka tọ ojú ìwé rẹ̀ kejì. "Ẹ má ṣe fọ èso kí ẹ tó dì í," ó kà á jẹ́jẹ́. "Ó kúkú wà níbẹ̀."

"Abẹ́ rédíò ló wà."

Ọkùnrin náà họ orí. "O lè dákẹ́, ṣebí o mọ̀? A ò fọ èyí tó ń lọ lónìí. Kò ní bu. Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀."

"Orí Bàbá Jẹ́jẹ́ ló máa parí sí," ó ní. Ó dìde, ó gbé ike méjèèjì.

Alága kò tíì jókòó dáadáa tí Ìyá Fọ̀ọ́kómọ́ fi gbé wọn sórí tábìlì. "Èmi ni," ó ní. "Èmi ni mo ń ba bẹ́rì wa jẹ́. Mo ń fọ̀ ọ́ nílé kí n tó gbé e wá. Èyí ni mo fọ̀, èyí ni mi ò fọ̀, ọjọ́ kan náà ni mo já wọn. Bàbá, mo fi ẹnu mi ba orúkọ yín jẹ́ níbí, ibí náà ni mo ti ń bẹ̀ yín."

Bàbá Jẹ́jẹ́ dìde, ó sì yára dìde lọ́jọ́ náà.

"Mo ti gbọ́, Ìyá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sáré. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ajé, mo lọ ra bàsíà."

Kò kọ́kọ́ yé wọn.

"Ẹ ní ọwọ́ mi dọ̀tí," ó ní. "Gbogbo èyí tí mo gbé wá lánàá ni mo fọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fọ̀ ọ́, kí ojú má baà tì mí mọ́."

Fèrè ọkọ̀ ẹlẹ́rù dún níta. Wọ́n ya wọ yàrá tútù, wọ́n ń wá lẹ́tà F láàárín páálí. Mẹ́ta ni wọ́n rí. Wọ́n gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, ọkọ̀ sì kó ìyókù lọ. Ká ní Ìyá Fọ̀ọ́kómọ́ ti dúró di ìrọ̀lẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ ni, páálí mẹ́ta yẹn ì bá ti wà lójú ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀kẹta ì bá pé, gbogbo èèyàn ì bá sì rí lẹ́tà Bàbá Jẹ́jẹ́ lára ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu Ìyá Fọ̀ọ́kómọ́ fà.

Nígbà tí ọkọ̀ lọ tán, Ìyá Fọ̀ọ́kómọ́ bá Bàbá Jẹ́jẹ́ nídìí ẹ̀rọ omi. "Ẹ bínú sí mi díẹ̀, Bàbá, kí ẹ̀bẹ̀ mi lè níbi tó máa bà sí."

"Ẹ bá mi ṣí omi ná," ó dá a lóhùn.

Ó ṣí i. Bàbá Jẹ́jẹ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, dé abẹ́ èékánná. Ó wu Ìyá Fọ̀ọ́kómọ́ kó ní kó tún un fọ̀, ṣùgbọ́n ó pa ẹnu mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin bẹ́rì, ẹni tó jìn sí kòtò ti kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àárọ̀ tí oòrùn kò tíì mú ni kí ẹ já èso, kí ẹ já a tòun tewé orí rẹ̀, kí ẹ sì tò ó tààrà sínú ike tó máa bá a lọ. Ẹ má da á láti inú èyí sínú èyí. Èyí tó bá rọ̀ jù tàbí tó gbọgbẹ́, ẹ má fi pa mọ́ sábẹ́ èyí tó dára, ẹ yọ ọ́ sẹ́yìn. Ẹ tètè gbé e wọ ibi tútù. Ẹ lẹ àmì yín mọ́ ọn, nítorí àmì ló ń gba aláìṣẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá fún yín ní ìwé ìlànà, ẹ kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ilé.

Bí ẹ bá rí i pé ẹ̀yin lẹ ṣe àṣìṣe, ẹ sọ ọ́ kí ọkọ̀ tó gbéra. Ọwọ́ ni kí ẹ fọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó máa jẹ èso fọ èso tirẹ̀.