Àlòkù Tí Rótìmí Gbé Lọ sí Bódìjà

Ọjọ́ tí Moróunkẹ́ kọ́kọ́ rí Olúrótìmí, ṣe ló fi gèlè di géèmù orí tẹlifíṣọ̀n bàbá rẹ̀ bí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, kó tó tú u sórí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù tí Rótìmí ti ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Challenge.

Rótìmí gbóòórùn rẹ̀. "Sístà, ta ló ki èyí bọ iná Nẹ́pà? Iná Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún. Ó ti jóná kọjá àtúnṣe."

"Bọ̀ọ̀dá, bàbá mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni!"

Ẹ̀rù ń bà á lóòótọ́. Alàgbà Ògúnsànyà, bàbá rẹ̀, ti fi géèmù náà, èyí tó tuntun jù lọ́dún 1988, yangàn fún gbogbo Bódìjà. Orí àpótí tẹlifíṣọ̀n ló ń gbé nínú ọ̀rá rẹ̀. Bí àlejò bá ní kí wọ́n tàn án, Alàgbà á ní, "Ó ń sinmi."

Rótìmí dá géèmù náà padà fún un, ó sì pa ẹnu mọ́. Láti ìgbà náà ni gbogbo rédíò ilé Moróunkẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn tí ẹlòmíì ò rí, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó lè wò wọ́n sàn àyàfi Rótìmí. Kó tó di oṣù kẹfà, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

"Ìfẹ́ mi, mo fẹ́ wá kí bàbá," ni Rótìmí wí. "Mo ti ra géèmù lọ́wọ́ olùkọ́ Yunifásítì kan tó ń padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti lo ọdún méje, ṣùgbọ́n ó ń gba iná wa."

"Àlòkù? Fún bàbá mi? Rótìmí, o fẹ́ pa mí!"

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí Rótìmí gbé e wá, ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni Moróunkẹ́ dúró sí. Alàgbà ṣí páálí náà, ó figbe ta.

"Bàbá Túnráyọ̀, ẹ gbà mí! Èmi tí mo ní tuntun, àlòkù ni ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ mi gbé wá fún mi!"

Bàbá Túnráyọ̀, aládùúgbò wọn, rẹ́rìn-ín. "Alàgbà, ẹ kúkú tan tuntun yẹn lónìí, ká fi wọ́n wéra."

Moróunkẹ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu Rótìmí: pé tuntun náà ti jóná. Bó bá sọ ọ́, á jàre, ṣùgbọ́n kò ní níyàwó.

Rótìmí dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má tan tiyín, sà. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí gbogbo ọwọ́ ń tẹ̀. Mo ra àlòkù kí àwọn ọmọ lè rí èyí tí wọ́n á máa bà jẹ́. Òun sì gba iná wa, sà."

Alàgbà wò ó títí. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó wúkọ́.

"Ọmọ yìí gbọ́n," ló wí jẹ́jẹ́. "Ẹ tan àlòkù náà."

Kò pẹ́ tí Alàgbà fi ká ọwọ́ agbádá sókè, tó ń yìnbọn lu ọkọ̀ òfúrufú inú géèmù, tó ń lé Bàbá Túnráyọ̀ kúrò níwájú tẹlifíṣọ̀n. Kò gbójú sókè nígbà tó béèrè lọ́wọ́ Rótìmí pé, "Ìgbà wo làwọn èèyàn rẹ ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ?"

"Sátidé tó ń bọ̀, sà!" ni Moróunkẹ́ ké láti ilé ìdáná, kí Rótìmí tó rí ẹnu là.