Omi Tó Kọ̀ Tí Kò Tutù

Bí ẹ gbà, bí ẹ kọ̀, ó ṣẹlẹ̀. Ilé wa ni ife náà wà di òní.

Olóríkunkun ni gbogbo èèyàn, títí kan ọ̀gá rẹ̀, ń pe ọmọbìnrin kan nínú ẹbí wa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ńlá ṣe ń tutù. Gbígbóná ni wọ́n ń wáyé, ooru wọn a wá máa dín kù díẹ̀díẹ̀ fún àìmọye ọdún. Ṣùgbọ́n èyí tó ń ṣírò lọ́dún náà, tó bá tutù dé ibì kan, a dúró gbọn-in. Kò ní tutù mọ́.

Ọ̀gá rẹ̀ wọlé lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀.

"Olóríkunkun, ta ló ń dáná sábẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì ẹ?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Dín iye ooru yẹn kù, kó bá ti àwọn yòókù mu. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó ẹrù ẹ lọ́la."

"Ohun tí mo rí ni mo máa kọ, sà."

Ọ̀gá pòṣé, ó jáde.

Olóríkunkun ní àṣà kan. Ìṣírò tí kò bá mọ bí omi inú ife ṣe ń tutù, ó ní kí ló fẹ́ mọ̀ nípa ojú ọ̀run? Nítorí náà, ó bu omi gbígbóná sínú ife irin tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀, ó ki ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ooru bọ̀ ọ́, ó ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.

Ọgọ́rin. Ọgọ́ta. Mọ́kànlélógójì.

Ó dúró síbẹ̀.

Wákàtí kan. Méjì. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, yàrá tutù nini. Mọ́kànlélógójì. Ó da omi náà nù, ó pọn omi tútù láti ẹnu ẹ̀rọ. Kó tó ṣẹ́jú, mọ́kànlélógójì.

Gbogbo yàrá wá dákẹ́. Kọ̀ǹpútà kò kùn mọ́, bẹ́ẹ̀ iná ojú rẹ̀ ń tàn. Etí ife rin fún omi, bí ẹni pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu kàn án.

Ìyá rẹ̀ kò mu omi tútù rí títí tó fi kú.

"Màmá," ó ní, "tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ jókòó. Mo ń ṣiṣẹ́."

Àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dún.

Kò wo ibẹ̀. Ó ń kọ iye náà lọ.

Ọ̀gá dé láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. "O ti dín in kù?"

"Rárá, sà. Ẹ fọwọ́ kan ife yìí."

Ó fọwọ́ kàn án. Ó yọwọ́ kíá.

"Ìgbà wo lo bu omi yìí?"

"Lánàá."

Ó fẹ́ fìdí lé àga tó dún lánàá.

"Ẹ má jókòó síbẹ̀, sà."

Kò bèèrè ìdí. Ìdúró ló wà tó fi tọwọ́ bọ ìwé ìṣírò tí Olóríkunkun kọ, pẹ̀lú iye tó wà nínú rẹ̀.

Títí di òní, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń dáná sábẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì yẹn. Omi tútù la bù sínú ife náà láàárọ̀ yìí. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá fọwọ́ kàn án.