Ìbéèrè Tí Dókítà Bi Denzil Létí Odò

Denzil jókòó ti ògiri, ó kẹ̀yìn sí gbogbo wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, nílẹ̀ tiwa, ìyá rẹ̀ lèmi náà. Iṣẹ́ darandaran ló ń ṣe, orí ẹṣin ló sì ti ń da màlúù. Láti ìgbà tí a ti sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, kò lọ síbi iṣẹ́ mọ́, kò sì sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Màmá, ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí. Ó dà bíi kí n máa lọ bá a."

Mo mú un lọ sí kílíníkì.

Ọjọ́ yẹn ni ọkọ̀ òfúrufú kékeré gbé dókítà wá, ọmọdébìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé ìṣègùn, Imogen lorúkọ ẹ̀. Wọ́n ní òun ló tọrọ kí wọ́n gbé òun wá sí ìgbèríko, pé ìlera ọpọlọ àwa ọmọ onílẹ̀, tí a ti wà níbí kí òyìnbó tó dé, ló wu òun. Mo ní ká máa wò ó.

Ó jókòó sídìí tábìlì, ó tẹjú mọ́ Denzil, ó sì pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú ketekete, orúkọ tí èmi ò jẹ́ pè níbí. Denzil dìde, ó bá tiẹ̀ lọ.

"Kí ni mo ṣe, Àǹtí Verna?" Imogen bi mí.

"O pe orúkọ olóògbé. A kì í pè é títí ọ̀fọ̀ á fi tán. Ìwé tó o kà ò sọ ìyẹn fún ẹ?"

Ojú tì í. "Kò sọ ọ́. Ẹ má bínú, mà. Ẹ kọ́ mi."

Inú mi rọ̀. Abèèrè kì í ṣìnà. Mo ní, "Fi tábìlì sílẹ̀. Jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, má wò ó lójú. Bó bá dákẹ́, kí ìwọ náà dákẹ́."

Létí odò, níbi tí Denzil sá lọ, a dáná tíì. Ó tó wákàtí kan tí ẹnikẹ́ni ò fọhùn. Eṣinṣin ń bà lé Imogen nímú, kò kánjú. Nígbà tó yá, Denzil ló lanu: "Mò ń gbọ́ ohùn ẹ̀."

Imogen yíjú sí mi. "Àǹtí, ṣé àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ máa ń gbọ́ ohùn olóògbé níbí?"

"Wọ́n ń gbọ́ ọ. Èmi náà gbọ́ ti ìyá mi."

Imogen wá rọra ní, "Denzil, ṣé o ń ronú àtipa ara rẹ?"

Mo já a ní èékánná. "Ṣé o fẹ́ kọ́ ọ ní ohun tí kò rò ni?"

"Rárá, mà. Ìbéèrè kì í fi èrò yẹn síni lọ́kàn. Ó ń jẹ́ kéèyàn rí ẹni sọ ọ́ fún ni."

Denzil bú sẹ́kún. "Ojoojúmọ́ ni. Ẹ ò bi mí rí."

Mo dì mọ́ ọn, èmi náà sunkún. Lọ́jọ́ náà gan-an, àbúrò mi ọkùnrin, tá a jọ ń gbé, kó ìbọn kúrò nílé. A ò jẹ́ kó dá sùn. Imogen fún un lóògùn, ó ń pè é lórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn àgbà ọkùnrin sì ń mú un lọ sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀.

Oṣù mẹ́fà ti kọjá. Lánàá, Denzil àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ da irínwó màlúù wọ ọgbà ẹran. Lálẹ́, nígbà tó bu oúnjẹ lẹ́ẹ̀kẹta, àbúrò mi ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ṣẹ́ku fún wa."

Denzil ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ̀yin lẹ ní kí n dúró láyé. Ẹ máa bọ́ mi nìyẹn."

Ẹ̀yin ará, bí ẹni yín bá dákẹ́ jù, tí kò sùn, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ tàbí wèrè. Ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ bi í tààrà bóyá ó ń ronú ikú. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ kó ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò, kẹ́ ẹ sì mú un lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin dókítà, ẹ kọ́kọ́ béèrè àṣà ilé onílé. Ẹ̀rù bà wá ká tó bi Denzil, àmọ́ a bi í, ó sì wà láàyè.