Àwọn Tí Mo Kí Kú Ìjókòó

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ súnmọ́ mi níbí. Ẹ sún dáadáa, kí orúnkún yín kan tèmi. Ìwọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, wọlé, kí o ti ilẹ̀kùn. Atẹ́gùn ń wọlé, eegun mi ò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ wo bí inú mi ṣe ń dùn tí mo bá rí orí yín jọ báyìí! Kí èèyàn ní ẹnu bíi tèmi, kó má rí etí tó máa sọ ọ̀rọ̀ sí, àìsàn gidi nìyẹn. Ó dáa. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ojú mi rí lọ́dún tí jẹjẹrẹ mú mi lọ́yàn. Mi ò kàwé púpọ̀, ẹ mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ojú bá rí, kò béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnu kó tó sọ ọ́.

Orí tìmùtìmù àga ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá yín ń tún pálọ̀ ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó gbé ọwọ́ lé àga tó wà lẹ́bàá fèrèsé, ó sì yára fa ọwọ́ náà padà. Ó ní, "Màámi, ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbí? Ó gbóná."

Mo ní kò sẹ́ni tó dìde. Òótọ́ ni mo sọ. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ kò tíì dìde.

Ẹ jẹ́ n padà sẹ́yìn díẹ̀ kó lè yé yín.

Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n wá ń fa oògùn sí mi ní iṣan. Oògùn náà ń ṣiṣẹ́ o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń lé jẹjẹrẹ, bẹ́ẹ̀ ló ń lé èmi náà. Oúnjẹ di ọ̀tá mi. Bí aládùúgbò bá ń din nǹkan lódìkejì ògiri, èébì á gbé mi. Àárẹ̀ wá dé. Kì í ṣe àárẹ̀ iṣẹ́ o, èyí tí oorun ń gbà lára èèyàn. Àárẹ̀ yìí, tí mo bá sùn, òun náà á sùn tì mí. Tí mo bá máa jí, òun ló máa ń kọ́kọ́ jí.

Nọ́ọ̀sì kan wà nílé ìwòsàn náà tí a sọ lórúkọ ní Nọ́ọ̀sì Eléèémí. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kì í kúrò ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí ẹni tó ń di nǹkan mú lábẹ́ aṣọ. Ó máa ń kó àwa aláìsàn jọ sínú yàrá kan tó ní àga oníke àti fáànù kan tó ń ké bí ẹyẹ. Á ní kí a di ojú. "Ẹ rọra fa èémí sínú. Ẹ má kánjú. Ẹ wá tú u jáde, kó gùn ju bí ẹ ṣe fà á lọ." Ó sì máa ń là á mọ́lẹ̀ fún wa pé, "Èyí ò pa jẹjẹrẹ o. Oògùn ló ń ṣe ìyẹn. Ẹ má torí tèmi fi oògùn yín sílẹ̀. Ara tó ń jà gbọ́dọ̀ rí ibi sinmi, ìdí tí a fi ń ṣe èyí nìyẹn."

Lọ́jọ́ kan, ó ní kí a fi ọkàn ya àwòrán ìnira wa, kí a gbé e kúrò lára, kí a gbé e jókòó sórí àga níwájú wa. "Ẹ wò ó. Ẹ má bá a jà, ẹ má sì sá fún un. Ẹ kàn máa wò ó títí yóò fi lọ bíi kùrukùru."

Ọ̀rẹ́ mi Télọ̀, tó jókòó tì mí, la ojú kan. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, tèmi sanra o. Àga oníke yìí á fọ́ mọ́ ọn nídìí."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ kan láàárín wa, tí jẹjẹrẹ mú lọ́fun, gan-an rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ohùn. Ẹsẹ̀ ló ń da Télọ̀ láàmú. Oògùn ti sọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ di ilé èèrà, ó ń jó o, ó ń ta á, kò lè tẹ maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ mọ́.

Mo délé, mo jókòó ní pálọ̀, mo kọjú sí àga ẹ̀bá fèrèsé, mo ṣe é bó ṣe kọ́ wa. Fà á, tú u. Fà á, tú u. Ara mi wálẹ̀. Inú tó ń rú rọlẹ̀. Mo wá rí ẹnì kan lórí àga.

Ẹ má dì mọ́ra yín bẹ́ẹ̀, a ò tíì débi ẹ̀rù.

Obìnrin ni, tàbí ohun tó jọ obìnrin. Ó wọ aṣọ funfun tó ti ṣá. Ojú rẹ̀ dà bí ojú tí èèyàn rí nínú omi tí wọ́n ń rú. Òórùn ọṣẹ ilé ìwòsàn ń jáde lára rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi náà ń rùn bẹ́ẹ̀ lọ́dún yẹn, mi ò fi ṣe nǹkan kan. Mo ní, ìnira tèmi rèé. Ó yẹ kí n kàn wò ó, kó máa lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n tọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ! Ìyá mi ò bí ọmọ tó máa rí ẹni tó jókòó tí kò ní kí i. Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Mo ní, "Ẹ kú ìjókòó o."

Ó yíjú sí mi, wẹ́rẹ́. Ó ní, "A dúpẹ́. Àwọn yòókù ń bọ̀ lẹ́yìn."

Èébì náà lọ o, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Lọ́jọ́ yẹn mo jẹun, mo tún ní kí wọ́n bù sí i, ìyá yín sunkún ayọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹni náà ṣì wà lórí àga. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, òmíràn ti jókòó sórí àga gígùn. Ó ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kù-kù, kù-kù, òórùn epo maṣíìnì àti aṣọ tuntun ń jáde lára rẹ̀. Òmíràn tún dé, ó ń yí ọwọ́ lófuurufú bí ẹni tó ń wakọ̀, ọ̀fun rẹ̀ ń han gooro. Kékeré kan tiẹ̀ wà tí mi ò mọ ìgbà tó wọlé. Ó lóṣòó sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, kò sọ nǹkan kan, mo ṣe bí ọmọ ọ̀kan nínú wọn ni. Mo kí gbogbo wọn. Kí ni kí n ṣe? Ṣé àlejò máa jókòó nílé, kí onílé wá di ẹnu bí ẹni tó ń bínú?

Ìyá yín ò rí wọn. Ohun tó ń rí ni tìmùtìmù tó tẹ̀ tó sì gbóná. Tó bá gbọ́ tí mo ń sọ pé "ẹ pẹ̀lẹ́ o," á bojú wẹ̀yìn, á wá wò mí tìṣọ́ratìṣọ́ra.

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé wọn kì í sùn. Onílé wo ló sì máa nà gbalaja síwájú àlejò? Mo bá wọn jókòó. Ojú mi jìn wọnú. Kò sí èébì mọ́, ṣùgbọ́n àárẹ̀ wá di ẹrù òkúta lórí mi. Dókítà wọ̀n mí, ó mi orí. "Màmá, ara yín ń lọ. Oògùn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kù kí ẹ parí, ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe wà yìí, mi ò lè fún yín. Ṣé ẹ ń sùn rárá?"

Mo ní, "Mo ní àlejò."

Ó ní kí n lé wọn. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé!

Mo bá lọ bá Nọ́ọ̀sì Eléèémí. Mo fi ohùn kẹ́lẹ́ rò ó fún un lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ kí i?"

"Ó jókòó, ọmọ mi. Kí ni kí n ṣe?"

"Mo ní kí ẹ wò ó ni. Mi ò ní kí ẹ gbà á lálejò." Mo ṣàkíyèsí pé ọwọ́ òsì rẹ̀ kò sí ní ẹ̀gbẹ́ mọ́. Ó ń jù ú síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ọmọdébìnrin, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ti kún. Inú mi dùn fún un. Ó ní, "Àlejò tí a bá kí káàbọ̀, báwo ló ṣe ń lọ?"

"A máa sìn ín ni."

"Ẹ sìn wọ́n nígbà náà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ mí pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sì tú èémí náà jáde títí ẹ ó fi bá a dé ẹnu ọ̀nà."

"Níbo ni wọ́n máa gbà lọ?"

"Gbogbo wọn ló nílé, Màmá."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá mi dúró, torí mo mọ ilé wọn. Ẹni tó ń tẹ ẹsẹ̀ kù-kù, ta ni kò mọ̀ pé ti Télọ̀ ni? Télọ̀ sì ti padà sídìí iṣẹ́. Ó ń rán aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ṣé èmi ni màá wá dá ìrora padà fún un? Mo fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Mo bá a tó ń kọrin. "Ọ̀rẹ́ mi, wò mí!" ó ní. "Ẹsẹ̀ mi ti gbàgbé pé òun ń ṣàìsàn. Ìwọ wá ńkọ́, tí o rí bí aṣọ tí wọ́n fún omi rẹ̀ gbẹ?"

Mo fẹ́ fún un lésì, ṣùgbọ́n ojú mi wálẹ̀. Ibi tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lára maṣíìnì ti di pupa. Ẹ̀jẹ̀ ni. Abẹ́rẹ́ kan ti wọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ dé ìdí, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin, ó ń kọrin.

"Ẹsẹ̀ rẹ," mo ní.

Ó wò ó. Orin náà kú sí i lẹ́nu. Ó fa abẹ́rẹ́ náà yọ bí ẹni tó fà á yọ lára aṣọ, kò tiẹ̀ ṣẹ́jú. Ìyẹn ló dẹ́rù ba àwa méjèèjì jù.

Mo wá sọ ẹni tó wà nílé mi fún un. "Ibẹ̀ ló wà," ó ní. "Mo mọ̀ pé nǹkan kan sọnù lára mi, mi ò kàn mọ ohun tó jẹ́ ni. Ṣé ó ń jẹun?"

"Kò fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Irọ́ ni. Ìwọ ló ń jẹ." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú àjákù aṣọ. "Sìn ín wá, ọ̀rẹ́ mi. Ẹsẹ̀ tèmi ni. Màá jókòó, màá máa mí bí Nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ wa, màá sì lọ bá dókítà kó fi oògùn ràn mí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kankan ò ní kú sórí ìrora mi. Sọ fún un pé mo ti ṣílẹ̀kùn dè é."

Mo lọ sọ́dọ̀ Awakọ̀, òun náà gbà kí n sin tirẹ̀ padà wá. Tíì tó ń hó ni mo bá lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń mu ún bí omi tútù, ètè rẹ̀ ti bó.

Nígbà tílẹ̀ ṣú, mo ní kí ìyá yín lọ sùn. Mo jókòó sáàárín wọn. Mo ní, "Ẹ̀yin àlejò mi, ẹ ṣeun tí ẹ yà. Mo fẹ́ sìn yín." Wọ́n wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó mira.

Kò rọrùn o. Àlejò tó bá ti pẹ́ a máa ta gbòǹgbò. Mo fa èémí, mo tú u, ó gùn títí àyà mi fi ń dùn mí. Oorun ń kì mí mọ́lẹ̀, mo ń dìde padà. Ìgbà tó pẹ́, ẹni tó ń tẹ ẹsẹ̀ dìde, ó ń lọ kù-kù, kù-kù dé ẹnu ọ̀nà, ó jáde. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ ń han náà tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo gbójú sókè, fèrèsé ti ń dà bí eérú. Ó ku obìnrin aláṣọ funfun, àti kékeré tó lóṣòó sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi.

Mo rẹ́rìn-ín, ó ti rẹ̀ mí kọjá ẹ̀rù. Mo ní, "Ìwọ tèmi, ibo ni màá sìn ọ́ lọ? Ilé rẹ kọ́ rèé?"

"Èmi kọ́ ni tiyín," ó ní. Ó nawọ́ sí kékeré náà. "Tiyín nìyẹn. Látìgbà tí ẹ ti ń mí, kò tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́."

"Ta ló wá ni ọ́?"

Ó rọra gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tó ń di nǹkan mú lábẹ́ aṣọ.

"Ẹni tó kọ́ yín láti gbé ìrora jókòó sórí àga," ó ní, "ara ta lẹ rò pé ó ti kọ́ ọ?"

Mo rántí ọwọ́ òsì Nọ́ọ̀sì.

"Kò sọ fún ẹnì kankan," ó ní. "Ó ń gba oògùn ní bòókẹ́lẹ́, ó sì ń tọ́jú yín. Àtìgbà tí mo ti wà lórí àga yín, kò dùn ún mọ́. Ó rò pé òun ti sàn. Kò lọ gba oògùn mọ́, Màmá, jẹjẹrẹ tirẹ̀ sì ń tóbi nínú rẹ̀. Èmi nìkan ni mo lè sọ fún un."

"Kí ló dé tí o ò tíì lọ?"

"Ẹ kò tíì sìn mí."

Mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. Ilé wa ò jìnnà sí ilé ìwòsàn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì ń gbé, nínú yàrá kan ṣoṣo. Aláṣọ funfun ń lọ níwájú, èmi ń wọ́ ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e, kékeré tèmi ń bọ̀ lẹ́yìn. Títì dá, ìrì wà lára gbogbo irin. Tó bá rìn díẹ̀, á dúró dè mí. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà Nọ́ọ̀sì, kò kan ilẹ̀kùn, kò ṣí i. Ó kàn wọlé.

Mo gbọ́ igbe kan ṣoṣo, kúkúrú. Mo gbé etí mọ́ pákó ilẹ̀kùn. Mo wá gbọ́ ọ: èémí tó ń wọlé díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìgbọ̀nrìrì, àti èémí tó ń jáde, tó gùn ju èyí tó wọlé lọ.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn rẹ̀, mo gbé ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, mo sì ń bá a mí láti ìta. Bó bá fà á, èmi náà á fà á. Bó bá ṣìnà, màá mí sókè kó lè gbọ́. Báyìí la ṣe títí oòrùn fi yọ tí èémí rẹ̀ sì dúró déédéé.

Mo kan ilẹ̀kùn. Mo ní, "Ọmọ mi, èmi ni. Wọ bàtà rẹ. Dókítà ti fẹ́ wọlé iṣẹ́, mo fẹ́ kí àwa méjèèjì wà lórí ìlà kó tó dé."