Ìgò Kẹjọ Nínú Yàrá Ìyá

Yéwándé ọmọ mi kò tíì fi ẹnu kan wáìnì rí lọ́jọ́ tó sọ adùn rẹ̀ fún mi. Ọmọ ọdún mẹ́ta lé díẹ̀ ni nígbà náà. Ọjọ́ Ìsinmi ni, lọ́sàn-án gangan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Mo ń wá a kí n bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn rẹ̀, mo bá a nínú yàrá ìyá ọkọ mi. Ó dojú bolẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ti ilẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn.

"Màámi," ló wí, "ó ti di oyin o."

"Kí ló di oyin?"

Ó fi ìka kan ilẹ̀. "Eléyìí."

Mo wo ilẹ̀ náà. Èmi ni mo fi ẹ̀bọ́tọ́ màlúù pa á lọ́dún tó ṣáájú, ó sì ń dán síbẹ̀, kò sán, kò sẹ́ni tó gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyá ọkọ mi wà níbẹ̀, wáìnì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wáìnì ṣe dé ilé wa.

Hezekiah ọkọ mi ni kúkù òyìnbó Faransé kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Gbági. Ní oṣù kẹta ọdún 1954, òyìnbó náà ń padà sí ìlú rẹ̀. Ó fún ọkọ mi ní ìgò mẹ́jọ wáìnì funfun kan tí wọ́n ń pè ní Ṣadoné. Ó kìlọ̀ fún un pé kó má tíì mu ún. Ó ní wáìnì yìí kò dà bíi bíà, pé ó ń mí, pé á ṣe ọmọdé, á dàgbà, á darúgbó, á sì kú lọ́jọ́ kan. Ó ní kó tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja níbi tó tutù tó sì ṣókùnkùn, kó máa ṣí ìgò kan lọ́dọọdún, kó máa kọ bó ṣe rí lẹ́nu sínú ìwé, kó sì fi ránṣẹ́ sí òun.

Ilé alámọ̀ onípáànù ni ilé wa ní Pópó Yemọja. Ibo ló tutù níbẹ̀ lóṣù kẹta? Àfi yàrá ìyá ọkọ mi. Oṣù kejì ọdún yẹn ni wọ́n kú, inú yàrá náà la sì sin wọ́n sí, bí wọ́n ti ń ṣe lágbo ilé wa látọjọ́. Ọkọ mi gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, ó tẹ́ ìgò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ síbẹ̀, ó sì kọ orí wọn síbi tí orí ìyá rẹ̀ kọ sí. Mo lóyún nígbà náà. Nígbà tí mo bímọ lóṣù kẹwàá, tó jẹ́ obìnrin, kò sẹ́ni tó tilẹ̀ dárúkọ mìíràn. Àwọn àgbà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí àmì dúdú lẹ́yìn etí rẹ̀, níbi tí tìyá wà gan-an. Yéwándé la sọ ọ́. Lucy ni wọ́n sọ mí nígbà ìrìbọmi, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà Ìyá Yéwándé ni gbogbo ènìyàn ń pè mí.

Nígbà tí ọdún yí po, a ṣí ìgò àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Ìyá Àkíbù, wá láti Oníyanrìn. Wọ́n ti di Mùsùlùmí nílé ọkọ wọn, wọn kì í fẹnu kan ọtí.

"Òórùn rẹ̀ nìkan ni mo wá gbọ́ o," ni wọ́n wí. "Hezekiah, ìwọ yìí! O fi sàréè ìyá wa ṣe fíríìjì òyìnbó!"

A rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi kò tíì tọ́ ọ wò tó fi da díẹ̀ sílẹ̀ lórí sàréè. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ dìde, ẹ wá gba tiyín." Inú mi kò dùn sí i, nítorí ìjọ wa kò fẹ́ irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kì í bá ọkọ mi jiyàn lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo gbàdúrà nínú ọkàn mi, mo sì tọ́ ọ wò. Ó kan mí léyín bí ọsàn tí kò pọ́n.

Kí oòrùn tó rẹlẹ̀, ara ọmọ ti tutù. Kì í ṣe ibà, ibà a máa gbóná. Ara rẹ̀ tutù bí ìdí àmù, ó di ọjọ́ kẹta kó tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ padà.

Lọ́dún kejì, wáìnì náà ṣì jọ ọsàn, àmọ́ kò kan tó ti tẹ́lẹ̀. Lọ́dún kẹta ó ti rọ̀, ó ń yọ̀ lẹ́nu bí òrí. Lọ́dọọdún, ọkọ mi á dà á sílẹ̀, á pe ìyá rẹ̀, ara ọmọ mi á sì tutù. Mo gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọn kò rí nǹkan kan. Ohun mìíràn tún wà tí mo ń wò. Wáìnì ń lọ sílẹ̀ nínú ìgò tí a kò tíì ṣí, bẹ́ẹ̀ kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi dí i le dan-in dan-in lẹ́nu rẹ̀.

"Òyìnbó ti sọ ọ́," ni ọkọ mi wí. "Kọ́ọ̀kì a máa mí. Díẹ̀díẹ̀ ló máa ń fẹ́ lọ."

"Fẹ́ lọ síbo, nínú ilẹ̀?"

Ó gbé ìwé rẹ̀ síwájú, ó ń kọ̀wé.

Ọdún kẹrin ni ọmọ sọ ti oyin. Nígbà tí ọkọ mi hú ìgò náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, tó ṣí i, àwọ̀ rẹ̀ ti pọ́n bíi góòlù. Mo tọ́ ọ wò, mo sì gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀. Oyin ni.

"Ta ló sọ fún un?" ni Ìyá Àkíbù, tó tún wá lọ́dún yẹn, bèèrè. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ọmọ ayé ìsinsìnyí gbọ́n ju bàbá wọn lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n kọjú sí ọkọ mi. "Hezekiah, ka ohun tó wà nínú ìwé rẹ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ọkọ mi kà á. "Ọsàn tí kò pọ́n. Ọsàn tó ti rọ̀. Òrí. Oyin."

Ìyá Àkíbù fa ìborùn wọn bo etí. Ohùn wọn lọ sílẹ̀. "Ìyàwó, o ò mọ ìyá wa nígbà èwe wọn. Ọsàn ni wọ́n ń kiri kí wọ́n tó lọ́kọ. Nígbà tí wọ́n bí mi, òrí ni wọ́n ń tà ní Bẹẹrẹ. Nígbà tí wọ́n bí ọkọ rẹ, oyin ni, ní Ọjà'ba."

"Lẹ́yìn oyin ńkọ́, mà?"

"Ẹ̀pà yíyan. Ìyẹn lo bá lọ́wọ́ wọn."

"Lẹ́yìn ẹ̀pà?"

Wọ́n nawọ́ sí ilẹ̀. "Lẹ́yìn ẹ̀pà, wọn ò ta nǹkan kan mọ́. Yàrá yìí ni wọ́n dùbúlẹ̀ sí."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo kúnlẹ̀ fún ọkọ mi. Mo ní, "Bàbá Yéwándé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè wọ́n mọ́. Ẹ̀yin náà lẹ ní ìyá ti padà wá. Bí wọ́n bá wà lókè níbí lára ọmọ mi, ta ni ẹ wá ń pè nísàlẹ̀? Ẹ̀ ń pè wọ́n kúrò lára rẹ̀ ni."

Ó fà mí dìde, ó ń rẹ́rìn-ín. "Wáìnì lásán ni. Òyìnbó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé oyin á dé, pé ẹ̀pà á dé. Bó ṣe ń rí nílùú tiwọn náà nìyẹn, níbi tí wọn ò ti mọ ìyá mi."

Mo kó àwọn kọ́ọ̀bù jọ, mo lọ fọ̀ wọ́n. Títí di òní, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń yọ mí lẹ́nu.

Lọ́dún karùn-ún, oyin náà ṣókùnkùn sí i. Lọ́dún kẹfà, ẹ̀pà yíyan ni, tòun ti òórùn agbada. Ọjọ́ mẹ́fà ni ọmọ mi fi tutù lọ́dún yẹn.

Ọdún 1961 la ṣí ìgò keje. Ó ti dúdú bíi tíì tó pẹ́ lórí iná. Ó ń run olú, ó ń run ewé tí òjò pa tó jẹrà. Nígbà tí mo gbé e mì, ohun tó kù sí ìdí ahọ́n mi ni ilẹ̀pa. Ọkọ mi kò lè gbé tirẹ̀ mì. Síbẹ̀ ó da díẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ìyá mi, ẹ dìde," kò sì tíì parí ọ̀rọ̀ náà tí a gbọ́ nǹkan tó wó lulẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Yéwándé ni. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ó tutù títí dé ọrùn. Mo gbé imú mi súnmọ́ ẹnu rẹ̀, èémí rẹ̀ ń run olú.

Ọjọ́ kẹsàn-án pé, kò jẹun, kò sọ̀rọ̀. Dókítà ní kí a máa gbàdúrà. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọkọ mi wà níbi iṣẹ́, mo gbé ọkọ́, mo wọ yàrá ìyá, mo hú ìgò kẹjọ. Mo fẹ́ fọ́ ọ, kó parí. Mo gbé e síta sínú oòrùn, mo gbé e lé orí òkúta tí a fi ń lọ ata. Wáìnì inú rẹ̀ ti dín dé ìdajì. Mo wá òkúta mìíràn tí n óò fi lù ú, ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rí i.

"Màámi," ohùn kan wí láti inú ilé. "Ó ń mú mi lóoru."

Mo sáré wọlé. Òógùn ti bo ojú ọmọ mi. Ara tó tutù fún ọjọ́ mẹ́sàn-án ti gbóná bí ìgò tó wà nínú oòrùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run sókè, mo padà síta, mo gbé òkúta sókè.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́," ló tún wí, jẹ́jẹ́, kò sì lè rí mi láti ibi tó wà. "Ẹ má fọ́ mi."

Mo rọra gbé òkúta náà sílẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé mi. Ìpè ọdún méje kò lọ lásán. Ọkọ mi ti pín ìyá rẹ̀ sí méjì: apá kan wà lára ọmọ mi, apá kejì wà nínú ìgò.

Mo fi aṣọ tútù wé ìgò náà, mo tẹ́ ẹ padà sílẹ̀ níbi tó wà tẹ́lẹ̀, mo bò ó, mo fi ẹ̀bọ́tọ́ pa á. Nígbà tí ọkọ mi fi ti ibi iṣẹ́ dé, Yéwándé ti jókòó, ó ń mu ẹ̀kọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó ju ìwé rẹ̀ sínú iná ìdáná, kò sì fèsì sí lẹ́tà méjì tí òyìnbó kọ lẹ́yìn náà.

Ọdún 1968 la wà yìí. Yéwándé ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó ti parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ módà. Láti ọdún méje sẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kò da nǹkan sílẹ̀ nínú yàrá náà, ẹnikẹ́ni kò pe ìyá. Èmi nìkan ló ń hú ìgò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún láti wò ó. Mo ti ṣe ààwẹ̀. Mo ti fi orúkọ ọmọ mi sílẹ̀ fún àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, láìsọ ìdí. Síbẹ̀ ó ń dín.

Ní Sátidé tó kọjá mo tún wò ó. Ó ku ìka méjì.

Mo bò ó kíákíá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ po ẹ̀bọ́tọ́ tán nígbà tí Yéwándé dé ẹnu ọ̀nà, ó fara ti òpó.

"Ó ṣì pọ̀?" ló bèèrè.

"Ó pọ̀ dáadáa, ọmọ mi. Máa lọ ka ìwé rẹ."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kúkúrú tí ikọ́ ń parí rẹ̀. N kò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn mọ́ láti ìgbà tí ìyá ọkọ mi kú ní oṣù kejì ọdún 1954.

"Má purọ́ fún mi, ìyàwó," ló wí.

Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ tì mí, ó ki ọwọ́ sínú igbá ẹ̀bọ́tọ́, ó sì bá mi pa ilẹ̀ náà. Bí ọwọ́ wa ṣe ń kan ara wọn, mo ń ṣe bí ẹni pé n kò mọ̀ pé tirẹ̀ tutù.